Ohùn Ẹlẹ́tàn Lẹ́nu Ọ̀nà: Bí Àlọ́ Ṣe Ń Rìn Láti Ilẹ̀ Kan Dé Òmíràn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣòro láti rí ọmọ tí ó jókòó gbọ́ àlọ́ rí tí kò mọ ìtàn Ajá àti ìyá rẹ̀. Ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko; àgbàdo tán nínú aká, iṣu tán lóko. Àwọn ẹranko pe ìpàdé, wọ́n sì fi ẹnu kò pé kí olúkúlùkù mú ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n pa á jẹ. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀, àfi Ajá nìkan tí ó gbé ìyá tirẹ̀ lọ pamọ́ sí ọ̀run. Nígbàkígbà tí ebi bá ń pa á, yóò yọ́ lọ sí ibi kọ́lọ́fín kan, yóò kọrin sí ìyá rẹ̀ pé kí ó ta okùn sílẹ̀. Okùn yóò bọ́ sílẹ̀, Ajá yóò gùn ún lọ sókè, yóò jẹun yó, yóò sì padà sáyé. Ìjàpá rí i pé ara Ajá ń dán nígbà tí egungun ìhà àwọn yòókù ń yọ síta. Ó ṣọ́ ọ lọ, ó gbọ́ orin náà, ó sì kọ́ ọ sórí. Ní ọjọ́ kejì ó lọ kọ ọ́ bí ẹni pé òun ni Ajá. Ìyá Ajá ta okùn. Ìjàpá ti dé agbedeméjì ayé òun ọ̀run kí Ajá tó dé, tí ó sì fi orin kígbe sí ìyá rẹ̀ pé kí ó gé okùn. Ìjàpá já lulẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́ yángá. Orin inú àlọ́ náà kò ní láti gba àyè nínú ìwé yìí; ẹni tí ó ń kà á ti ń kọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ ná.

Bí a bá yọ ìwọra Ìjàpá kúrò, ohun tí ó kù nínú àlọ́ yìí ni ọ̀ràn ohùn. Ẹnì kan fi ẹni tí ó fẹ́ràn pamọ́. Ohùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀tá sì wá jí ohùn náà lò. Àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ orúkọ Ìjàpá rí mọ kókó yìí pẹ̀lú, láti ilẹ̀ Jámánì títí dé gúúsù Áfíríkà, àti ní òdìkejì òkun. Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré ìdárayá lásán. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wà tí wọ́n kọ́ni pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni orísun gbogbo àlọ́ ayé, àwọn yòókù sì ń gbà níbẹ̀ ni. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà sọ ìtàn baba wọn nù sínú òkun, pé ẹnu àwọn tí ó rà wọ́n ni wọ́n ti gbọ́ púpọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n ń pa nílé lẹ́yìn náà. Ajá àti ìyá rẹ̀ wà lára àwọn ẹlẹ́rìí tí a lè pè sí ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n kí a tó gbọ́ tiwọn, ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn tí ó kù ná.

Ní ọdún 1812, Jacob àti Wilhelm Grimm, ọmọ ìyá méjì ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé àlọ́ wọn jáde. Ìkarùn-ún nínú àwọn àlọ́ ibẹ̀ ni ti ìkookò àti àwọn ọmọ ewúrẹ́ méje. Ìyá ewúrẹ́ ń lọ wá oúnjẹ nínú igbó. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ohùn tí ó há àti ẹsẹ̀ dúdú ni wọn yóò fi dá ìkookò mọ̀. Ìkookò dé, ó ní òun ni ìyá wọn. Àwọn ọmọ ní ohùn ìyá àwọn kò há bẹ́ẹ̀. Ó lọ ra ẹfun, ó jẹ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè tutù. Ó fi ìyẹ̀fun kun ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè funfun. Nígbà náà ni wọ́n ṣílẹ̀kùn, ó sì gbé mẹ́fà mì. Àbíkẹ́yìn nìkan ni ó sápamọ́ sínú àpótí agogo. Ìyá wọn dé, ó la ikùn ìkookò bí ó ti ń sùn, àwọn ọmọ jáde láàyè, wọ́n sì kó òkúta dípò ara wọn.

Ìtàn náà ti dàgbà ju ìwé àwọn Grimm lọ fíìfíì. Ó wà láàárín àwọn ìtàn èdè Látìnì tí a máa ń fi orúkọ Aesop pè ní sànmánì agbedeméjì. Marie de France sọ ọ́ di ewì ní èdè Faransé ní ọ̀rúndún kejìlá. La Fontaine sì tún un kọ ní ọdún 1668. Nínú èyí tí La Fontaine kọ, ọmọ ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà nílé, ó sì gbọ́n ju àwọn méje ti ilẹ̀ Jámánì lọ: kò gba ohùn nìkan gbọ́, ó ní kí àlejò kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ funfun wọlé kí òun rí i. Títí di òní, bí ará Faransé bá fẹ́ sọ pé kí ẹnì kan fi ara rẹ̀ hàn kí ó tó wọlé, a máa sọ pé kí ó fi ẹsẹ̀ funfun hàn.

Ó wà ní gúúsù Áfíríkà náà. George McCall Theal, nínú ìwé àlọ́ àwọn Xhosa tí ó tẹ̀ jáde ní 1882, kọ ìtàn Demane àti Demazana sílẹ̀. Ìbejì aláìlóbìí ni wọ́n, akọ àti abo, inú ihò àpáta ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tí Demane bá lọ sí oko ọdẹ, arábìnrin rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe òun. Ajẹ̀nìyàn kan dé ẹnu ihò, ó pe ọmọbìnrin náà bí ẹni pé arákùnrin rẹ̀ ni. Demazana ní rárá, ohùn yìí kì í ṣe ti arákùnrin òun. Ajẹ̀nìyàn lọ fi irin gbígbóná jó ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀, ó padà wá, ilẹ̀kùn sì ṣí fún un. Ẹfun ní Jámánì, irin gbígbóná lọ́dọ̀ àwọn Xhosa, orin tí a kọ́ sórí nílẹ̀ Yorùbá: iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Kò sì yẹ kí ó ya ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu pé orin ni ó bọ́ sí àwa lọ́wọ́. Nínú èdè tí ìró òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, ẹni tí ó bá mọ orin kọ bí ó ti tọ́ ti gba ohun tí ó pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ọ̀rúndún kọkàndínlógún dáhùn ìbéèrè náà ní ọ̀nà méjì pàtàkì. Theodor Benfey, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, túmọ̀ ìwé Panchatantra láti èdè Sanskrit ní 1859. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú gígùn tí ó kọ sí i, ó ní Íńdíà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àlọ́ Yúróòpù ti wá. Andrew Lang, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, àti àwọn tí ó tò lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé kò dandan: ọkàn ènìyàn jọ ara wọn níbi gbogbo, ohun kan náà sì lè wá sí ọkàn àwọn tí wọn kò rí ara wọn rí. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ Lang. Ẹranko apanijẹ ń bẹ níbi gbogbo, ó sì máa ń lúgọ. Òbí níbi gbogbo ń fi ọmọ sílẹ̀ nílé lọ wá oúnjẹ, ẹ̀rù sì ń bà á. Nítorí náà, bí a bá rí apanijẹ ẹlẹ́tàn nínú àlọ́ ìlú méjì, a kò tíì rí ohunkóhun. Ohun tí ó lè fi ìbátan hàn ni ohun kékeré tí kò pọn dandan, tí àlọ́ ìbá fi rìn dáadáa láìsí rẹ̀. Bí méjì tàbí mẹ́ta irú rẹ̀ bá wá ń rìn pọ̀, tí ilẹ̀ ibòmíràn kò sì ní wọn, ó di dandan kí a béèrè ẹni tí ó gbé wọn lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù lọ ni ti ológbò olùfọkànsìn, nítorí pé inú ìwé ni ó ti rìn, ìwé sì máa ń fi ipa sílẹ̀. Nínú Panchatantra, ehoro àti àparò ń jà nítorí ihò kan. Wọ́n gbọ́ pé ológbò kan wà létí odò tí ó ti fi ẹran jíjẹ sílẹ̀, tí ó ń fi ojoojúmọ́ gbàdúrà. Wọ́n ní kí ó wá bá àwọn dá ẹjọ́. Ológbò ní òun ti darúgbó, etí òun ti di, kí wọ́n súnmọ́ òun kí òun lè gbọ́. Wọ́n súnmọ́ ọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì mú wọn. Ní ọ̀rúndún kẹfà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Burzoy túmọ̀ ìwé náà sí èdè Páṣíà fún ọba Khosrow Anushirvan. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, Ibn al-Muqaffa' túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Lárúbáwá, ó pè é ní Kalila wa Dimna. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí èdè Gíríìkì, sí Hébérù, sí Látìnì. Ní 1644 a tẹ ìtúmọ̀ kan jáde ní èdè Faransé. Ní 1678, La Fontaine, ẹni tí ó jẹ́wọ́ gbangba pé ọ̀pọ̀ nínú ìtàn òun wá láti ọwọ́ Pilpay ọlọ́gbọ́n ará Íńdíà, kọ ìtàn ológbò adájọ́ kan tí ó pe ehoro àti ẹranko kékeré kejì pé kí wọ́n súnmọ́ òun nítorí pé òun ti di adití. Ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ni etí ológbò ti fi wà ní dídi.

Ìtàn ológbò tí ń gbààwẹ̀ kò dúró sínú ìwé nìkan. Ní Mamallapuram, ní etíkun gúúsù Íńdíà, àwọn oníṣọ̀nà ọ̀rúndún keje gbẹ́ àwòrán ńlá kan sára àpáta. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ológbò kan dúró lórí ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ sókè bí àwọn tí ń fi ìyà jẹ ara wọn nítorí òrìṣà, àwọn eku sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Obeyd Zakani, akéwì ilẹ̀ Páṣíà ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, mú ológbò tirẹ̀ wọ mọ́ṣáláṣí láti ronú pìwà dà, àwọn eku sì gbé ẹ̀bùn tọ̀ ọ́ wá. Odo ti Cheriton, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàlá, wọ ológbò rẹ̀ ní ẹ̀wù àwọn ọkùnrin ilé àdúrà kí ó lè rí eku kan mú. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi aṣọ ẹ̀sìn tirẹ̀ wọ apanijẹ, èyí sì fi hàn pé olúkúlùkù wọn mọ ibi tí ọ̀ràn náà ti ń dùn ún nílé. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Àlọ́ tí ẹnu nìkan gbé kiri kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti tọ ipa rẹ̀. Ọ̀kan wà tí ó ti da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú pẹ́, ìtàn ọmọbìnrin tí apanijẹ dìbọ́n fún pé òun ni ìyá ìyá rẹ̀. Charles Perrault kọ ọ́ ní 1697, ó fi fìlà pupa dé ọmọ náà lórí, ìkookò sì jẹ ẹ́ tán, kò sí ẹni tí ó gbà á là. Àwọn Grimm fi ọdẹ kún un tí ó la ikùn ìkookò. Ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn sì yẹ kí a fọkàn sí. Ẹnu àwọn ọmọbìnrin ìdílé Hassenpflug ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ìdílé tí ìran ìyá wọn jẹ́ ti àwọn Huguenot tí inúnibíni ẹ̀sìn lé kúrò ní Faransé. Àlọ́ tí gbogbo ayé wá ń pè ní ti Jámánì bá àwọn tí ń sá fún ẹ̀mí wọn rìn wọlé ni.

Ní 1885, a gba irú kan sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ agbègbè Nivernais ní Faransé, tí ó ní ohun tí Perrault kò kọ. Ọmọbìnrin náà wà lórí ibùsùn pẹ̀lú apanijẹ. Ó ní òun fẹ́ jáde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Apanijẹ so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ó má baà sá. Ó dé ìta, ó tú okùn náà, ó so ó mọ́ igi, ó sì sá lọ sílé. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ẹkùn abilà ti ń dìbọ́n pé òun ni ìyá àgbà, ọmọ náà ń tọrọ ààyè láti jáde lóru, okùn náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ìdí kan tí apanijẹ gbọ́dọ̀ fi ní okùn lọ́wọ́; nítorí náà ni okùn yìí fi jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó ju fìlà pupa lọ. Àwọn mìíràn ti fẹ́ fi aṣọ pupa nìkan dá ìtàn náà mọ̀. Wọ́n tọ́ka sí ewì kan tí Egbert ti Liège kọ ní èdè Látìnì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún tí ìkookò gbé lọ, tí ó wọ ẹ̀wù pupa tí baba ìsàmì rẹ̀ fún un, tí àwọn ọmọ ìkookò kò sì pa á lára. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá àgbà níbẹ̀, kò sí ohùn èké, kò sí ibùsùn. Ẹ̀wù pupa kan lásán kò tó láti fi sọ ènìyàn di ọmọ ìyá.

Ní 2013, Jamshid Tehrani ti Yunifásítì Durham lo ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí fi ń to ìran ẹranko láti to ẹ̀dà àlọ́ 58 irú èyí láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Ó ka ohun kéékèèké inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ni apanijẹ, ta ni a tàn jẹ, báwo ni a ṣe tàn án, ta ni ó là. Ó rí i pé ìtàn ìkookò àti àwọn ọmọ ewúrẹ́ jẹ́ ìdílé kan, ti ọmọbìnrin àti ìyá àgbà jẹ́ ìdílé mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ìbátan. Pé àwọn tí a gbà ní Áfíríkà súnmọ́ ti ọmọ ewúrẹ́. Àti pé ti ìlà-oòrùn Éṣíà dà bí ẹni pé ó gba díẹ̀ lára ìdílé méjèèjì. Iṣẹ́ tí ó mọ́ gaara ni. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nìkan ni ìṣirò lè kà. Apàlọ́ tí a kò gbà sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Èyí ni ó mú ọ̀ràn dé ẹnu òkun. Antti Aarne ará Finland ti ṣe ìwé kan ní 1910 tí ó fi nọ́ńbà fún àwọn àlọ́, Stith Thompson ará Amẹ́ríkà mú un gbòòrò ní 1928 àti 1961, Hans-Jörg Uther sì tún un ṣe ní 2004. Nọ́ńbà 123 ni ti ọmọ ewúrẹ́, 333 ni ti ọmọbìnrin onífìlà pupa. Ìwé tí ó wúlò ni, ṣùgbọ́n àlọ́ Yúróòpù ni a fi pilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé àlọ́ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà lé e yóò rí nọ́ńbà tí ó bá púpọ̀ nínú wọn mu, yóò sì rọrùn fún un láti sọ pé láti Yúróòpù ni wọ́n ti wá. Richard Dorson ti Yunifásítì Indiana wà lára àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ gbọnmọgbọnmọ. Kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sílé sọ̀rọ̀; òun fúnra rẹ̀ lọ gba àlọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn dúdú ní Michigan àti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, ìwé rẹ̀ ti 1967 sì jẹ́ ìwé tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ wúwo ju ìwé lọ. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìyá tí a tà, tí a sì tún ta ọmọ rẹ̀, kò ní ìtàn tirẹ̀ tí ó lè pa fún ọmọ náà kí wọ́n tó pínyà.

Ẹni tí ó dìde dá a lóhùn jẹ́ ẹni tí Ilé-Ifẹ̀ mọ̀. William Bascom ti gbé Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938 láti kọ́ nípa Ifá, ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá sì jáde ní 1969. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni ó ti ń tẹ àwọn àpilẹ̀kọ jáde lórí àlọ́ Áfíríkà tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Kò bá Dorson jiyàn lórí gbogbo àlọ́ lápapọ̀. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo ẹ̀dà tí ó lè rí ní Áfíríkà àti ní Amẹ́ríkà jọ, ó sì béèrè bóyá ó wà ní Yúróòpù tàbí ní Íńdíà. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, tí ó wà ní ìhà méjèèjì òkun Atlantic, kí ni ẹnikẹ́ni yóò tún sọ? Ó kú ní 1981, ní ọdún kan náà tí Dorson kú; a kó àwọn àpilẹ̀kọ náà jọ sí ìwé kan ní 1992. Lára àwọn àlọ́ tí ó tọ́pa ni ti àwọn ẹranko tí wọ́n ṣe àdéhùn láti pa ìyá wọn, ó sì ya àwọn tí wọ́n ṣe àdéhùn láti tà á sọ́tọ̀.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀kan nínú irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà lórí ìwé. Joel Chandler Harris, òyìnbó oníwé-ìròyìn ní Atlanta, tẹ ìwé kejì nínú àwọn ìwé Uncle Remus rẹ̀ jáde ní 1883. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi arúgbó kan tí a kó láti Áfíríkà ṣe apàlọ́, tí ń sọ èdè Gullah ti etíkun Georgia àti South Carolina. Arúgbó náà pa àlọ́ kan tí Harris pe àkọlé rẹ̀ ní "Cutta Cord-La!". Ìyàn mú, Ìkookò àti Ehoro wá dé orí ọ̀rọ̀ pé kí oníkálukú fi ìyá àgbà rẹ̀ dá ebi dúró. Ti Ìkookò lọ. Ehoro gbé tirẹ̀ lọ fi pamọ́ sí orí igi àgbọn gíga kan, ó sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Bí ó bá dé ìdí igi, yóò kọrin, ìyá àgbà yóò sì sọ okùn sílẹ̀. Ìkookò gbọ́ orin náà. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há jù, ìyá àgbà kò dáhùn. Ó wá ọgbọ́n sí i títí ohùn rẹ̀ fi rọ̀. Okùn bọ́ sílẹ̀, a ń fà á gòkè lọ, Ehoro sì dé, ó pariwo pé kí a gé okùn. Ìkookò já lulẹ̀.

Kí ẹni tí ó mọ ìtàn Ajá fi èyí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàn wà nínú méjèèjì. Àdéhùn láti fi ìyá dá ebi dúró wà nínú méjèèjì. Ẹnì kan dalẹ̀ àdéhùn nítorí ìfẹ́. Ìyá wà lókè, kò sí nínú ilé. Okùn ni ọ̀nà. Orin ni kọ́kọ́rọ́. Okùn gígé ni ìdájọ́. Ní ti àwọn Grimm àti La Fontaine, ìyá ni ó wà níta tí ọmọ wà nínú ilé. Níhìn-ín ọmọ ni ó wà níta, ìyá ni ó sápamọ́. Kò sí okùn lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí àdéhùn, ìyàn kò sì mú. Ẹni tí ó gbọ́ ìtàn ìkookò àti ọmọ ewúrẹ́ lẹ́nu olówó rẹ̀ kò lè ti inú rẹ̀ yọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kí wọ́n sì wá bá ti ẹ̀yìn òkun mu bẹ́ẹ̀. Igi àgbọn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ: òtútù ilẹ̀ Georgia kì í jẹ́ kí àgbọn dàgbà níbẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi ìdùnnú gba ohun tí ẹ̀rí kò fúnni. Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ni àlọ́ yìí. Àwọn Igbo náà ń pa á. Àwọn tí a kó lọ sí etíkun Georgia àti Carolina wá láti ibi púpọ̀, láti Senegambia títí dé Angola. Ọkọ̀ Wanderer, tí ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Jekyll ní 1858 pẹ̀lú ènìyàn tí ó lé ní 400, ìhà odò Kóńgò ni ó ti kó wọn. Òótọ́ ni pé Lorenzo Dow Turner, nínú ìwé rẹ̀ ti 1949 lórí èdè Gullah, rí orúkọ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó kó jọ, ṣùgbọ́n ó rí ti àwọn ẹ̀yà mìíràn púpọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí okùn náà lè jẹ́rìí sí ni pé láti Áfíríkà ni àlọ́ yìí ti lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìlú tí ó ti wọkọ̀ yóò nílò ẹ̀rí mìíràn. Èyí sì ni ó mú kí ó ṣe pàtàkì pé kí ẹni tí ń gba àlọ́ sílẹ̀ nílé, olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, máa kọ orúkọ ìlú apàlọ́, ibi tí ó ti gbọ́ ọ, àti bóyá ó ti kà á nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rí. Àlọ́ tí a kọ sílẹ̀ láìní ibùgbé kò wúlò ju ìdajì lọ fún irú ìwádìí yìí.

Ohun kan yí padà lójú ọ̀nà, ó sì yẹ kí a dúró tì í díẹ̀. Nínú àlọ́ ti ilé, ẹlẹ́tàn kì í ṣe apanijẹ ní ti gidi. Ìjàpá kò ní eyín, kò lè sáré. Ebi àti ọgbọ́n àrékérekè nìkan ni ó ní, Ajá tí ó tàn sì lágbára jù ú lọ. Àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ọ kò ní ìdí láti bẹ̀rù Ìjàpá. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi í kọ́ ọmọ. Ní òdìkejì òkun, ẹlẹ́tàn náà di Ìkookò, ẹni tí ó lè fà ọ́ ya. Ẹni tí ó fi ìyá pamọ́ di Ehoro, ẹranko tí kò lágbára rárá. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Lóko owú àti oko ìrẹsì etíkun náà, àwọn tí wọ́n ń pa àlọ́ mọ ẹni tí ó lè dé nígbàkígbà kí ó sì mú ìyá ènìyàn lọ, wọ́n sì mọ̀ pé ohùn rẹ̀ lè tutù bí ó bá fẹ́. Fún wọn, àdéhùn láti ta ìyá kì í ṣe àròsọ àwọn ẹranko. Wọ́n pa ìyàn mọ́, wọ́n pa okùn mọ́, wọ́n pa orin mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gba eyín lẹ́nu ẹni tí ó ní i gan-an.

Ní Kúbà, níbi tí a kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí Ọ̀yọ́ ti ń fọ́ tí ogun sì ń ja ilẹ̀ wa, ọ̀ràn rí bákan mìíràn. Ìjàpá kò ní láti di ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó di Jicotea, ìjàpá inú odò, ó sì ń ṣe àrékérekè rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é nílé, láàárín àwọn òrìṣà àti àwọn ẹranko. Lydia Cabrera gba àlọ́ rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Lukumí àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní erékùṣù náà. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Paris ní 1936. Nígbà tí ó tẹ ìwé kan jáde ní 1971 tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti Jicotea, orúkọ tí ó kọ́kọ́ kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà, ní èdè Spáníìṣì tí kò ní ọ̀nà láti fi àmì ohùn sí i, ni Ayapá.